Nọ́ḿbà òdì, ìdá, àti "akọ" tábìlì: èsì mi lórí ọ̀rọ̀ tí àwọn tíṣà lẹ́sìn ń wá

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo ilé.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nìyí, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè bá wa lọ. Arákùnrin wa kan ní Pọ́bẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Benin, ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní répétiteur lọ́hùn-ún, tí àwa ní Nàìjíríà ń pè ní tíṣà lẹ́sìn. Bí ilé ìwé bá ti jáde, àwọn ọmọ á kó ìwé ìṣirò àti gírámà Faransé wá bá a. Faransé ni ìwé fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, Nàgó ni wọ́n ń sọ nílé, Yorùbá ni òun náà sì fi ń là á yé wọn. Ó ní ká bá òun wá ọ̀rọ̀ mẹ́ta: èyí tí yóò máa jẹ́ orúkọ nọ́ḿbà tó kéré sí òdo, èyí tí òun yóò máa pe nọ́ḿbà òkè àti nọ́ḿbà ìsàlẹ̀ nínú ìdá, àti èyí tó lè dúró fún "genre", ìyẹn ohun tó sọ tábìlì di "la table" tó sì sọ ìwé di "le livre".

Èsì ti pọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Ìbàdàn ní "gbèsè" ni ká pe ti àkọ́kọ́, pé kò sí ọmọ tí kò mọ gbèsè. Ẹlòmíràn kọ "nọ́ḿbà odi". Ní ti genre, "akọ àti abo" ni ọ̀pọ̀ yín fara mọ́. Ẹnì kan tilẹ̀ ní ká fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ká máa pè wọ́n bí òyìnbó ṣe ń pè wọ́n, pé a kàn ń fi àkókò ṣòfò ni.

Ohun tí mo rí nínú àwọn èsì wọ̀nyí ni pé orúkọ òyìnbó la tẹjú mọ́. À ń wò ó bóyá ọ̀rọ̀ tiwa bá "négatif" tàbí "genre" dọ́gba. Ọmọ tó jókòó síwájú tíṣà kò bìkítà fún ìyẹn. Ìbéèrè kan ló gbé wá, bí a bá sì ti dáhùn rẹ̀ tán, òmíràn ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a bá dá gbọ́dọ̀ lè gbé ìbéèrè kejì yẹn. Bí kò bá lè gbé e, kò wúlò fún tíṣà, bó ti wù kó dùn létí tó. Òun ni mo fẹ́ fi wọn gbogbo ohun tí ẹ ti mú wá.

Ẹ jẹ́ ká mú gbèsè. Mo mọ ìdí tí àwọn tíṣà fi fẹ́ràn rẹ̀. Kọ −5 + 3 sójú pátákó, kí o sọ pé ẹnì kan jẹ gbèsè náírà márùn-ún, ó rí mẹ́ta san, èló ló kù? Gbèsè méjì ló kù. Kódà 7 − (−3), tó máa ń ta kókó sí àgbàlagbà lọ́kàn, wẹ́rẹ́ ni gbèsè ń tú u: ẹni tí wọ́n bá fagi lé gbèsè mẹ́ta lọ́rùn rẹ̀ ti fi mẹ́ta sàn ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, mẹ́wàá ló jókòó lé. Títí dé ibí, a ò ní ẹjọ́ kankan.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwé á bi wọ́n ní (−3) × (−4), ọmọ kan á sì gbé ojú sókè: "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni gbèsè mẹ́ta lọ́nà gbèsè mẹ́rin ṣe wá di owó méjìlá?" Kí ni tíṣà fẹ́ sọ? Gbèsè kì í lọ́po gbèsè. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á ní "òfin ni", ibẹ̀ sì ni ìṣirò ti ń di ìdán lójú ọmọ náà. Láti ọjọ́ yẹn lọ, á máa há a sórí ni, kò ní máa rò ó mọ́.

"Òdì" ni mo dúró lé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ohùn ìsàlẹ̀ méjèèjì sí i. Odi, tó ní ohùn àárín méjì, ni wọ́n ń mọ yí ìlú ká. Òdì ni a ń wí nígbà tí a bá ní ọmọdé wọ ẹ̀wù sódì, tàbí pé ọ̀rọ̀ ẹnì kan lòdì sí ti ẹnì kejì. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú gírámà wa pẹ̀lú: àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Nàìjíríà ń kọ́ "àyísódì" nínú iṣẹ́ Yorùbá, níbi tí "ó wá" ti ń di "kò wá". Ọmọ tó ti mọ àyísódì ti ní ìdajì nọ́ḿbà òdì lọ́wọ́ kó tó ṣí ìwé ìṣirò.

Ẹ wo ohun tó lè ṣe tí gbèsè kò lè ṣe. Ẹ fa ìlà kan, kí òdo wà láàárín, kí 1, 2, 3 máa lọ sápá ọ̀tún, kí òdì 1, òdì 2, òdì 3 máa lọ sápá òsì. Bí a bá sọ nọ́ḿbà kan di púpọ̀ lọ́nà mẹ́rin, a ó sún un jìnnà sí òdo ní ìlọ́po mẹ́rin. Bí a bá ní lọ́nà òdì mẹ́rin, a ó sún un bẹ́ẹ̀, a ó sì yí i sódì, kó bọ́ sí apá kejì òdo. Nítorí náà òdì mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin jẹ́ òdì méjìlá, ó ṣì wà lápá òsì. Òdì mẹ́ta lọ́nà òdì mẹ́rin ńkọ́? Òdì méjìlá yẹn náà ni, àmọ́ a tún yí i sódì, ó sì bọ́ sí ọ̀tún, ó di méjìlá. Tíṣà tó bá fẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i lè kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìpele-ìpele: 3 × (−4) jẹ́ −12, 2 × (−4) jẹ́ −8, 1 × (−4) jẹ́ −4, 0 × (−4) jẹ́ 0. Ìdáhùn ń fi mẹ́rin gòkè ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Èwo ló wá kàn nígbà tí a bá dé (−1) × (−4)? Àwọn ọmọ fúnra wọn ni yóò pariwo mẹ́rin.

Èdè wa pàápàá ń ṣe ìṣirò yìí lójoojúmọ́. Bí ẹnì kan bá ní "kò ṣàìmọ̀", ohun tó ń sọ ni pé ẹni náà mọ̀. "Kò" yí i sódì, "àì" tún yí i sódì, ọ̀rọ̀ padà sí bó ṣe wà. "Kì í ṣàìwá" túmọ̀ sí pé gbogbo ìgbà ló ń wá. Kí tíṣà fi èyí hàn wọ́n, ṣùgbọ́n kó yára kìlọ̀ pé Faransé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. "Personne n'a jamais rien dit", ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan rí: personne wà níbẹ̀, jamais wà níbẹ̀, rien wà níbẹ̀, wọn ò pa ara wọn rẹ́. Ọmọ tó bá fi òfin ìṣirò ka gbólóhùn yẹn máa ṣì í.

Ohun kan tún wà tó mú mi fẹ́ òdì. Faransé ní "moins" fún iṣẹ́ ìyọkúrò, ó tún ní "moins" fún àmì tó wà lára nọ́ḿbà. Bákan náà ni "minus" tí àwa ń lò ní Nàìjíríà. Àwa lè yà wọ́n sọ́tọ̀: "yọ" fún iṣẹ́, "òdì" fún nọ́ḿbà. 7 − (−3) á wá jẹ́ "méje, yọ òdì mẹ́ta". Etí gbọ́ ọ pé nǹkan méjì ni. Gbèsè kò sì jáde nílé, kó máa jẹ́ ìtàn tí tíṣà fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Kó má sáà ti jẹ́ orúkọ.

Ó kan ìdá. Ọ̀rọ̀ yìí kò le tó bí a ṣe sọ ọ́ dà, nítorí èdè ti ṣe iṣẹ́ náà fún wa. Àṣìṣe tí gbogbo tíṣà ìṣirò mọ̀ ni ti ọmọ tó bá rí ½ + ⅓, tó ro òkè pọ̀ mọ́ òkè, tó ro ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, tó sì kọ 2/5. Bí a bá ń pè wọ́n ní "nọ́ḿbà òkè" àti "nọ́ḿbà ìsàlẹ̀", bí àwọn kan nínú yín ṣe dábàá, àwa gan-an là ń tì í sínú àṣìṣe yẹn: nọ́ḿbà méjì ló rí, ó sì ro méjèèjì. Mo ní ká pe ti ìsàlẹ̀ ní "orúkọ ìdá", ká pe ti òkè ní "iye ìdá". Ohun tí Faransé wí náà nìyẹn: numérateur ni èyí tó ń kà, dénominateur ni èyí tó ń sọ ní orúkọ. Orúkọ ni 3 tó wà lábẹ́ ⅓: ìdámẹ́ta ló ń jẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í ro orúkọ pọ̀.

Kí tíṣà wá pè é jáde lẹ́nu: ìdajì kan àti ìdámẹ́ta kan. Ọmọ tó gbọ́ ọ báyìí kò ní sọ pé ìdámárùn-ún méjì ni. Orúkọ wọn kò bára mu, nítorí náà á wá orúkọ kan tí wọ́n lè jọ jẹ́. Ìdajì kan jẹ́ ìdámẹ́fà mẹ́ta, ìdámẹ́ta kan jẹ́ ìdámẹ́fà méjì, àpapọ̀ wọn jẹ́ ìdámẹ́fà márùn-ún. Ó parí. Bí ẹ bá ní ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì, ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá sí ìwé Númérì, níbi tí wọ́n ti ń wọn ìyẹ̀fun ẹbọ: ìdámẹ́wàá mẹ́ta fún ẹgbọ̀rọ̀ màlúù, ìdámẹ́wàá méjì fún àgbò. Orúkọ ṣáájú, iye tẹ̀ lé e, àwọn baba wa sì ti ń kà á bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní níbẹ̀, ó sì jẹ́ ti ìkọ̀wé. "Ìdámẹ́ta" tí a kọ pọ̀ jẹ́ ẹyọ kan nínú mẹ́ta. "Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin" tí àwọn oníròyìn ń kọ ní àlàfo láàárín, ó sì jẹ́ mẹ́ta nínú mẹ́rin. Etí kì í gbọ́ àlàfo. Bí ọmọ bá gbọ́ "ìdá mẹ́ta" lásán, kò lè mọ èwo ni. Nínú kíláàsì ìṣirò, ẹ jẹ́ ká kọ orúkọ ìdá pọ̀ nígbà gbogbo, ká sì máa fi iye tì í lẹ́yìn: ìdámẹ́rin mẹ́ta. Kí oníròyìn máa bá tirẹ̀ lọ.

Ibi tí mo ti ta ko ọ̀pọ̀ yín jù lọ ni akọ àti abo. Ó bá ìwé mu, masculin àti féminin náà ni ìwé kọ. Kí ni ọmọ máa béèrè lẹ́yìn rẹ̀? "Kí ló sọ tábìlì di abo?" Ó tọ́ kó béèrè, nítorí lójú tiwa, akọ àti abo jẹ́ ohun tí a lè fojú rí lára ewúrẹ́, lára àgùntàn, kódà lára ìbẹ́pẹ. Nínú gírámà wa, "ó" kan náà là ń lò fún ọkùnrin, fún obìnrin, fún ìkòkò. Ọmọ Yorùbá kò ní àpótí kankan lórí tó lè kó "tábìlì jẹ́ abo" sí.

Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí a ń lo "akọ" fún ohun tí kò lẹ́mìí, agbára àti líle ló sì túmọ̀ sí níbẹ̀. Òkúta tó le koko ni akọ òkúta. Ibà tó gbóná janjan, tó dáni dùbúlẹ̀, ni akọ ibà. Ẹ wá wo Faransé: "la pierre", "la fièvre". Òkúta jẹ́ "abo", ibà jẹ́ "abo". Irùngbọ̀n, tó hù lágbọ̀n ọkùnrin, jẹ́ "la barbe". Ọmú obìnrin jẹ́ "le sein". Ọmọ tí a bá fún ní akọ àti abo gẹ́gẹ́ bí òye máa fi òye náà ṣiṣẹ́, torí ọlọ́pọlọ ni, á sì kùnà lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wọ̀nyí. Mo ti ka àlàyé àwọn kan pé tábìlì jẹ́ abo nítorí pé ó ń gbé nǹkan bí ìyá ṣe ń gbé ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ irú rẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn. Pẹpẹ tí wọ́n ń kó ẹrù ọjà lé lórí ńkọ́, tí wọ́n ń pè ní "l'étal", tó sì jẹ́ masculin?

Ọ̀rọ̀ "genre" fúnra rẹ̀, irú ló túmọ̀ sí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nínú Látìn. Swahili náà pín ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀ sí irú-irú, tó ju méjì lọ dáadáa, kò sì sí èyí tó kan ọkùnrin tàbí obìnrin nínú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ ronú sí "ìsọ̀rí", àmọ́ "ìsọ̀rí ọ̀rọ̀" ti níṣẹ́ tirẹ̀ nínú gírámà Yorùbá: òun la fi ń pe ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀rọ̀-àpọ́nlé àti àwọn yòókù. A ò gbọdọ̀ fi orúkọ kan pe ohun méjì nínú kíláàsì kan náà.

Ohun tí mo mú wá ni "ẹbí". Ọ̀rọ̀-orúkọ Faransé pín sí ẹbí méjì: ẹbí-un àti ẹbí-une. Mo yàn un àti une dípò le àti la nítorí pé "l'arbre" àti "l'eau" fi tiwọn pa mọ́, nígbà tí "un arbre" fara hàn gbangba. Ìbéèrè àkọ́kọ́: kí ló dé tí tábìlì fi wà nínú ẹbí-une? Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ìdáhùn yìí tó, òótọ́ sì ni, nítorí láti inú Látìn ni púpọ̀ nínú wọn ti jogún ẹbí wọn. Ìbéèrè kejì, tó ṣòro jù: kí ló dé tí "grand" fi di "grande", tí "petit" sì di "petite"? Aṣọ ẹbí ni. Bí tábìlì bá ń jáde, ohun gbogbo tó bá bá a rìn máa wọ aṣọ ẹbí rẹ̀: une petite table ronde. Une, petite, ronde, gbogbo wọn dá aṣọ kan náà. Ẹ gbìyànjú láti fi "abo" ṣàlàyé ìyẹn, kí ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí i ṣe.

Ẹnì kan máa sọ pé Faransé ti ní "famille de mots", bíi terre, terrain, enterrer, àti pé ẹbí máa dà á pọ̀ mọ́ ìyẹn. Ó tọ́ kó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ti terre àti terrain ní "ọ̀rọ̀ ọmọ-ìyá", nítorí inú gbòǹgbò kan ni wọ́n ti jáde.

Tíṣà ṣì gbọ́dọ̀ kọ masculin àti féminin sójú pátákó, torí BEPC, ìdánwò sẹ́kọ́ńdìrì ti Benin, kò ní bi wọ́n ní ẹbí, WAEC náà kò ní bi wọ́n. Kó sọ pé masculin ni ìwé ń pe ẹbí-un, nítorí pé baba, ọmọkùnrin àti akọ màlúù wà nínú rẹ̀, kó sì fi àwọn àmì ìdánimọ̀ tó wà ní ìparí ọ̀rọ̀ kún un: ọ̀rọ̀ tó bá fi -tion parí, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló wà nínú ẹbí-une, bíi nation àti question, èyí tó bá fi -age parí sábà máa ń wà nínú ẹbí-un, bíi village àti fromage, àmọ́ page, plage, cage àti image kò sí níbẹ̀. Èyí máa wúlò fún ọmọ ju kó máa wá ọmú àti irùngbọ̀n kiri lára àga.

Arábìnrin wa tó ń kọ́ Faransé ní Èkó da ọ̀rọ̀ "subjonctif" sílẹ̀, ìyẹn ìrísí tí ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé ń gbé wọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bí ìfẹ́ tàbí dandan, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó ní àwọn tó ń múra fún WAEC ń kọ "je veux il venir". Mo rò pé mo mọ ibi tó ti wá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń gbà kọjá, ọ̀nà tí Gẹ̀ẹ́sì gbà ń sọ ọ́ kò sì ní ohunkóhun tó jọ ti Faransé. Bí wọ́n bá gba Yorùbá kọjá, ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu wọn: mo fẹ́ kó wá. Je veux qu'il vienne. Ó di dandan kí o ṣe é: il faut que tu le fasses. Kí ó lè yé ọ: pour que tu comprennes. Kó tó lọ: avant qu'il parte. Ibi tí "kí" ti jáde, subjonctif ló sábà máa ń jáde. Ibi tí "pé" ti jáde, ó sábà máa ń jẹ́ indicatif, ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe ti ojoojúmọ́: mo mọ̀ pé ó ń bọ̀, je sais qu'il vient, mo ní ìrètí pé yóò wá, j'espère qu'il viendra. Ìkẹyìn yìí ń dààmú kódà àwọn tó ti mọ Faransé, tí wọ́n fi ìrètí wé ìfẹ́. Yorùbá ti yà wọ́n sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà mo pe ìkan ní "ìṣe oní-kí", mo pe èkejì ní "ìṣe oní-pé". Kí tíṣà má ṣe fi ibi tí kò ti bára mu pa mọ́: "inú mi dùn pé ó wá" di je suis content qu'il soit venu, "bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ kò yá" di bien qu'il soit malade. Pé ni tiwa, subjonctif ni tiwọn. Ẹ kọ àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀, kí wọ́n kọ́ wọn mọ́ra. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti ìbẹ̀rù. Faransé á ní "j'ai peur qu'il ne tombe", ọmọ á sì béèrè ohun tí "ne" ń wá níbẹ̀ nígbà tí kò sí "pas". Ẹ ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá: ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ ṣubú. "Má" tirẹ̀ náà ń kí i níbẹ̀.

Ní ti imparfait, ìyẹn ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé fún ohun tó ń lọ lọ́wọ́ nígbà kan sẹ́yìn, mi ò rí ìdí tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ tuntun. "Ibá àìṣetán" ti wà nínú gírámà wa, ohun kan náà gẹ́lẹ́ ni imparfait sì túmọ̀ sí.

Ẹni tó ní òǹkà Yorùbá gan-an ló ń dí ọmọ lọ́wọ́ nínú ìṣirò, mo rọ̀ ọ́ pé kó bi ọmọ Pọ́bẹ̀ kan léèrè bí wọ́n ṣe ń pe 80 ní Faransé. Quatre-vingts, ogún mẹ́rin. Ọgọ́rin tiwa náà, ogún mẹ́rin ni. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì CMS tó gbé Ìjàyè, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1887 bí òǹkà ogún-ogún yìí ṣe bá bí a ṣe ń ka owó ẹyọ mu. Níbi tí ọ̀nà ti pín ni 70 àti 90: Faransé ń fi kún, soixante-dix, ọgọ́ta àti mẹ́wàá, àwa ń dín kù, àádọ́rin, mẹ́wàá dín ní ọgọ́rin. 97 ni quatre-vingt-dix-sept, ogún mẹ́rin àti mẹ́wàá àti méje, tí àwa sì ń pè ní mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Ọmọ tó ń sọ mẹ́tàdínlógún láti kékeré ti ní ìyọkúrò lẹ́nu. Ní Bẹ́ljíọ̀mù àti Siwitsalandi wọ́n ń sọ septante àti nonante, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n ń lò ní Benin kò gba ìyẹn. Kí tíṣà sì rántí lẹ́tà s tó wà ní ìparí quatre-vingts, tó máa ń sọnù bí nọ́ḿbà mìíràn bá ti tẹ̀ lé e: quatre-vingt-un.

Ẹ̀yin tó ní ká fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ rántí Ifẹ̀. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, fún odidi ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó gba ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò rẹ̀yìn. Kó tó ṣeé ṣe, ẹnì kan ní láti jókòó dá ọ̀rọ̀. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí irú ètò bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2022, wọ́n sì yí i padà ní 2025. Bí ìjọba bá ń lọ tó ń bọ̀, tíṣà lẹ́sìn kò lọ ibì kankan. Yorùbá náà ni yóò fi là á yé ọmọ lálẹ́ òní, yálà a fún un ní ọ̀rọ̀ tó dáa tàbí a kò fún un.

Ó ku ohun kan tí arákùnrin wa kò béèrè, tó sì máa bá a nílé. Ìwé Benin ń fi kọ́mà ya odidi nọ́ḿbà sọ́tọ̀ kúrò lára ìdá tó tẹ̀ lé e, 3,5, nígbà tí ti Nàìjíríà ń fi pọ́ìntì, 3.5. Nàìjíríà tún ń fi kọ́mà ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀, 1,250. Ọmọ Pọ́bẹ̀ tó bá rí 1,250 nínú ìwé Nàìjíríà máa kà á sí ọ̀kan àti ìdámẹ́rin kan. "Pọ́ìntì" kò bá ti Pọ́bẹ̀ mu, "virgule" kò bá ti Ìbàdàn mu. Mo ní ká pe àmì náà ní "ààlà", kí 3,5 àti 3.5 jọ jẹ́ "mẹ́ta ààlà márùn-ún", kí ọmọ ní ìhà méjèèjì lè ka ìwé ara wọn. Ẹ̀yin tó ń kọ́ni ní Kétu, ní Sàkété àti lọ́dọ̀ àwọn Ifẹ̀ ní Atakpamé, ní orílẹ̀-èdè Togo, kí ni àwọn ọmọ yín ti ń pè é kí a tó dé?